Kókó Àgùntàn Lára Okùn Ìmọ́lẹ̀

Ẹ má bi mí ní orúkọ bàbá ọkọ mi, n kò ní í dá a. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìborùn funfun bò mí lórí ní Kök-Jar, abúlé ọkọ mi, ni mo ti ń pè é ní Bàbá Ilé, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì máa pè é títí n ó fi kú. Àbúrò ọkọ mi, tí ara rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá àgọ́, èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọkọ mi gan-an, Bàbá Ọmọ ni. Ṣùgbọ́n Tursunai, ìyàwó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀yìn mi ló wọlé. Ìyálé rẹ̀ ni mí, mo lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù mí, ìtàn rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ.

Ẹ̀ ń rí i lónìí lórí ẹṣin, ẹ̀ ń sọ pé obìnrin íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kọjá yẹn. Ẹ rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe já bọ́ láti ọ̀run. Ojú mi ló ṣe, ẹnikẹ́ni nínú yín kò sì gbọdọ̀ wá sọ ọ́ fún mi.

Ilé tẹlifóònù ìjọba ní ìlú Naryn ni bàbá tó bí Tursunai lọ́mọ ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́kọ́ gbé módẹ́mù wọ àdúgbò wọn, àpótí kékeré kan tí kò tóbi ju odidi búrẹ́dì lọ. Wọ́n so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù lápá kan, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lápá kejì. Bí wọ́n bá ti tàn án, á tẹ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í han, á máa súfèé, á máa hó yeeyee. Ìyá Tursunai rò pé nǹkan ọ̀hún ń kú lọ ni, ó ní kí wọ́n gbé e síta.

Tursunai kò sá ní tirẹ̀. Ó jókòó tì í, ó béèrè ìdí tó fi ń ké. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìwé àti gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì yìí náà ló tò ó. Wáyà tẹlifóònù kò sì lè gbé ohun mìíràn ju ohùn lọ. Módẹ́mù ni ògbufọ̀ tó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Á sọ bẹ́ẹ̀ ni di ohùn kan, á sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ di ohùn mìíràn, á rán wọn lọ. Módẹ́mù kejì ní òdìkejì á fetí gbà wọ́n, á sì dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà. Igbe tí wọ́n sì ń gbọ́ yẹn, ìkíni ni. Àwọn módẹ́mù méjèèjì ń kí ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn ṣe àdéhùn bí àwọn yóò ṣe yára sọ̀rọ̀ tó, bí àgbà méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè ilé, tí wọ́n ń béèrè ọmọ, tí wọ́n ń béèrè ẹran ọ̀sìn, kí ọ̀rọ̀ gan-an tó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ọ̀hún ti wọ ọmọ náà lára. Nígbà tó dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan ní Naryn tí àwọn èèyàn ti ń wá lo kọ̀ǹpútà. Àkókò yẹn ni oríṣi kejì dé, èyí tó ń gba wáyà tẹlifóònù kan náà, ṣùgbọ́n tó ń fi ohùn tó ga ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́ lọ. Èèyàn lè máa ṣòfófó lórí tẹlifóònù kí ẹlòmíràn máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà kan náà, bí wọ́n bá ṣáà ti fi asẹ́ kékeré kan sídìí tẹlifóònù. Bí wọn kò bá fi í, etí oníṣòfófó á máa hó. Oríṣi mìíràn tún wà ní àwọn ilé alájà púpọ̀, tó ń gba wáyà tí wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n wọlé. Tursunai mọ gbogbo wọn. Ibi tó ti ń tún wọn ṣe ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti rí i, ó lóun wá fi ìwé ránṣẹ́ sí àbúrò Bàbá Ilé tó ń gbé ní ìlú Magadan, lọ́nà jíjìn réré. Ìwé yẹn kò tó ìlà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń wá fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó dé, gbogbo àwa obìnrin ilé la pé jọ láti tú u wò. A kó aṣọ ìbora jáde, a kó ìrọ̀rí jáde, a kó ẹní irun àgùntàn jáde. Nísàlẹ̀ àpótí, a bá módẹ́mù àtijọ́ bàbá rẹ̀, ó fi ìborùn wé e bí ọmọ tuntun. Ìyá Naryn, àbúrò Bàbá Ilé obìnrin tó ń gbé nílùú, gbé e sókè kí gbogbo ilé lè rí i. Ó béèrè pé ìwọ ìyàwó yìí, aṣọ ìbora mélòó lo kó wá, àpótí tí ń sunkún mélòó lo kó wá? A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Tursunai rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa, ó gba nǹkan rẹ̀, ó tún un wé. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọmọ yìí kò rọrùn láti dójú tì.

Wáyà tẹlifóònù Kök-Jar ti jẹrà tipẹ́tipẹ́, nítorí náà nígbà tí a kó ẹran lọ sórí òkè lọ́dún náà, èyí tó ń lo síìmù ló mú dání, kékeré bí ìka ọwọ́. Ìyẹn kò nílò wáyà rárá, afẹ́fẹ́ ló fi ń bá òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òkè dí òpó náà mọ́ wa lójú. Mo gbé omi ẹran kaná lọ́jọ́ kan, mo wá ọmọrí ìkòkò títí, n kò rí i. Ìgbà tí mo jáde, mo bá a lórí ọ̀pá lẹ́yìn àgọ́. Tursunai ti so módẹ́mù rẹ̀ sí inú rẹ̀, ó ní irin tó jin kòtò bẹ́ẹ̀ ló ń bá òun kó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì jọ sójú kan. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọmọrí ìkòkò mi, tí ìyá mi fi sin mí wálé ọkọ!

Ó sì ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ojú àbúrò Bàbá Ilé yọ nínú kọ̀ǹpútà láti Magadan, níbi tó ti lọ wa góòlù láti ìgbà èwe, tó ti fẹ́yàwó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di èyí tí kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ìgbà ìsìnkú ìyá wọn ni òun àti Bàbá Ilé ti rí ara wọn mọ. Bàbá Ilé tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Kíkí kò tí ì dé orí ẹran tí àwòrán náà fi dúró gbagidi, ẹnu àbúrò rẹ̀ là sílẹ̀, ojú kan là, ojú kejì pa dé. Bàbá Ilé dìde, ó jáde nínú àgọ́. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi òkú àbúrò rẹ̀ hàn nígbà tó ṣì wà láàyè. Láti ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ módẹ́mù sétí.

Báyìí ló ṣe wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti Naryn na okùn dígí dé Kök-Jar. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa so ó wọ ilé àwọn èèyàn ní gbogbo abúlé àfonífojì wa. Wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ Tursunai, wọ́n ní òun ni àwọn fẹ́. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò rí i kó fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí, kódà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ alára.

Bàbá Ilé ní rárá. Ó ní ìyàwó ilé òun kò ní í gun àkàsọ̀ lójú ọkùnrin, kò sì ní í máa wọlé onílé pẹ̀lú ṣòkòtò nídìí. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹsẹ̀ sọ́nà láìjẹ́ pé Bàbá Ilé tẹ́ ọwọ́ àdúrà fún un. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́ títí tó fi ní kí n lọ wo wàrà tí mo gbé kaná. Nígbà tó yá, ó pe Tursunai.

"Ìyàwó," ó wí, "mo fẹ́ ṣe sàárà ọdún mi. Bó o bá lè mú àbúrò mi jókòó síbi oúnjẹ lọ́jọ́ náà, kó máa mí, kó máa ṣẹ́jú, kó máa dá mi lóhùn, mo máa tẹ́ ọwọ́ fún ọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, a ò ní í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn mọ́ nínú ilé yìí."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Tursunai wí. "Ó máa ṣeé ṣe."

Mo fún un ní ìgbúnwọ́. Ta ló ń fi ẹnu ṣèlérí báyìí?

Nínú ọdún méjìlá tí a ń fi orúkọ ẹranko pè, Ọdún Ajá tí wọ́n bí Bàbá Ilé sí ló tún yí padà dé. Ẹ sì mọ̀ pé ọdún bẹ́ẹ̀ léwu, èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ àwọn ẹbí lóúnjẹ kí ibi lè kọjá. Kí ọjọ́ náà tó pé, Tursunai lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún okùn tiwa. Wọ́n bi í pé ta ló ni ilé. Ó gba bírò lọ́wọ́ wọn, ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ láìla ẹnu. Ìyá Naryn gbọ́, ó ní kíkọ ọ́ àti pípè é, ọ̀kan náà ni. Mo ní ọwọ́ kì í ṣe ẹnu, àbí Ìyá Naryn ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ni?

Lọ́jọ́ tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun bọ́ọ̀sọ́kì tí a máa dín, mo bi í pé kí ló mú kó dá a lójú. Ó fi ọwọ́ ìyẹ̀fun nu iwájú orí, ó ní èyí yàtọ̀. Ti síìmù, afẹ́fẹ́ la fi ń bẹ̀ ẹ́, òkè lè dí i, òjò lè dà á láàmú. Ti sátẹ́láìtì, irú èyí tó wà lágọ̀ọ́ àwọn awakùsà, ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ gun òkè ọ̀run kó tó sọ̀ kalẹ̀, bó o bá béèrè lónìí, ó dà bíi pé ọ̀la ni wọ́n á dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n ti okùn dígí, ìmọ́lẹ̀ ni. Módẹ́mù rẹ̀ ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú di bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Okùn náà kò nípọn ju irun ẹṣin lọ ní inú awọ tí wọ́n fi bò ó.

"Kò ní àléébù kankan?" mo béèrè.

"Ọ̀kan péré, Ìyálé mi. Bí ẹṣin tó ń sáré ni ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ rí. Bí ọ̀nà bá yà díẹ̀díẹ̀, á bá a yà. Bí ọ̀nà bá ṣẹ́ lójijì, ẹṣin á fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó fa okùn náà wọlé, ó gbé módẹ́mù sórí àpótí ẹrù, ó fi okùn tó ṣẹ́ kù rọ̀ sára ìṣó ní òbìrí gbọ̀ọ̀rọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀. Iná kékeré tó wà lára rẹ̀ tàn, ó ní àwọ̀ ewé. A dán an wò, ó ń ṣiṣẹ́. Mo lọ sùn pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn.

Ọjọ́ sàárà pé. Èrò kún ilé, ẹran ń hó nínú ìkòkò, bọ́ọ̀sọ́kì kún orí aṣọ oúnjẹ débi pé a kò rí aṣọ náà mọ́. Bàbá Ilé jókòó síbi àpọ́nlé, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí aṣọ ọlọ́nà tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rán, èyí tó bo ògiri látòkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú rẹ̀. Tursunai lọ tẹ̀ ẹ́ kó pe Magadan. Kò sí nǹkan kan. Mo wo módẹ́mù, iná rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ọ̀mùtí.

Ó pa á, ó tún un tàn. Pupa. Ó yọ ẹnu okùn, ó nù ún, ó dá a padà. Pupa. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn. Bàbá Ilé ń wo ojú ara rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jẹun," ni Ìyá Naryn wí. "Ti ọdún yẹn, ó kú lójú wa. Tòní, kò tiẹ̀ yọjú rárá."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò ó pé bí iṣẹ́ ọmọ yìí ṣe lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Tursunai kò kánjú. Ó jáde, ó mú nǹkan kan tó dà bíi bírò, èyí tó fi ń mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ wà nínú okùn, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣeé fojú rí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà: ìmọ́lẹ̀ wà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò nídìí módẹ́mù: kò sí. Nǹkan náà ti sọnù láàárín ẹnu ọ̀nà àti àpótí ẹrù, nínú yàrá tí a jókòó sí yìí. Ó ń fi ìka tọ okùn náà lọ lára ògiri, ó dé ibi aṣọ ọlọ́nà, ó ní kí n bá òun gbé etí aṣọ náà sókè.

Okùn náà kò sí ní òbìrí mọ́. Wọ́n ti kó o jọ mítímítí, wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ ta á ní kókó, wọ́n sì ti gbé e há ẹ̀yìn aṣọ kí àlejò má bàa rí i. Kò sí ẹni tí kò mọ kókó yẹn nínú ilé wa. Kókó tí a fi ń so ọmọ àgùntàn mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń fún wàrà ni, èyí tó jẹ́ pé bí ọmọ àgùntàn bá ṣe ń fà á ni yóò ṣe máa le sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì máa ń yí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni náà kò lè rí okùn tó ń rọ̀ jálajàla kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀.

Ojú èmi àti Tursunai pàdé. Ẹnu ń yún mi. Mo ti yíjú sí Ìyá Naryn, mo ti la ẹnu, Tursunai tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ débi pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" Ìyá Naryn béèrè.

"Èmi ni, Ìyá," ni Tursunai dáhùn. "N kò ká okùn dáadáa. Ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀."

"Mo ṣáà ti sọ. Ẹni tí kò lè ká okùn nílé ọkọ rẹ̀, ilé onílé ló fẹ́ lọ ká a?"

Tursunai tún yíjú sí kókó náà. Ọmọ tó dàgbà láàárín wáyà ni, ṣùgbọ́n ó ti fún wàrà nílé wa tó láti mọ bí a ṣe ń tú kókó náà. A kì í fà á, ńṣe la máa ń tì í padà. Ó tì í padà jẹ́jẹ́, ó tú u, ó fi àtàńpàkò na ibi tó ká, ó tún gbé òbìrí gbọ̀ọ̀rọ̀ náà kọ́ ìṣó. Mo ń wo iná kékeré yẹn, mo gbàgbé láti mí. Ó ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó di àwọ̀ ewé.

Kó tó jókòó, Magadan ti dáhùn. Àbúrò Bàbá Ilé ló wà níbẹ̀, ó wọ kóòtù tuntun, ó gé irùngbọ̀n rẹ̀ mú. Ó ń mí, ó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kí ara wọn dé orí ilé, dé orí ọmọ, dé orí ẹran, wọ́n kí ara wọn tán, ojú rẹ̀ kò sì dúró. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì kàn ń wo ara wọn. Mo sunkún. Kí ni n ó parọ́ fún?

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ẹni tó wà ní Magadan wí, "aṣọ tí ìyá wa rán nìyẹn lẹ́yìn yín? Ẹ gbé mi sún mọ́ ọn, kí n rí ọwọ́ ìyá mi."

Bàbá Ilé gbé kọ̀ǹpútà náà dìde fúnra rẹ̀. Ó ń fi òdòdó ara aṣọ náà hàn án, ó ń fi ìwo àgbò hàn án, ó dé etí aṣọ náà nísàlẹ̀, ó ṣí i sókè kí àbúrò rẹ̀ lè rí ibi tí ìyá wọn ti di òwú. Níbẹ̀ ló ti rí òbìrí okùn lára ìṣó. Ó dúró.

"Ta ló tú kókó tí mo ta síbí láàárọ̀?" ó béèrè.

Ìyá Naryn ń wo bọ́ọ̀sọ́kì ọwọ́ rẹ̀ bíi pé kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá Ilé fi ìka kan okùn náà níbi tí ojú kókó ṣì hàn, ó wo módẹ́mù, ó wo Tursunai. Ẹni tó ti ń kó ẹran láti kékeré kì í ṣe òpè.

"Ìyàwó, ohun tó pa iná rẹ̀ nìyí?"

"Ó ti kọjá, Bàbá."

"O ní ìwọ ni. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ọjọ́ yín ni òní, Bàbá," ó wí, ó tẹ orí ba.

Bàbá Ilé gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Ó yíjú sí gbogbo ilé, ó ní kí wọ́n gbọ́ o, òun lòun ta kókó yẹn, òun rò pé òun ń tún ilé ṣe ni, ìyàwó òun sì gba ẹ̀bi náà sórí lójú àlejò òun. Ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo wa tẹ́ tiwa, ẹni Magadan náà tẹ́ tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

"Kí ọ̀nà rẹ là," ó wí. "Ilé tó o bá wọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ bá ọ wọ̀ ọ́. Kí àkàsọ̀ má yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ. Ọmọ mi ni ọ́, kì í ṣe ìyàwó ọmọ mi nìkan."

A ṣe àmín, a fi ọwọ́ nu ojú. Àmín ti Ìyá Naryn ló ròkè jù, mo gbọ́ ọ dáadáa.

Ọjọ́ tí Tursunai bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo jí, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹṣin lágbàlá. Mo yọjú. Bàbá Ilé ti di ẹṣin tirẹ̀ ní gàárì, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gùn. Ó ń so ẹrù okùn dígí mọ́ ẹ̀yìn gàárì. Ó ká a ní òbìrí ńláńlá bí àwo ẹran, ó fi ìborùn àtijọ́ kan wé e, ó wá a títí kò rí ibi tó ká lójijì, kò sì ta kókó kan ṣoṣo sí i. Ó ní òun gbọ́ ohun tí a sọ nídìí ìyẹ̀fun lọ́jọ́ kìíní, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò yé òun nígbà náà: ẹṣin tó ń sáré kì í yà lójijì. Tursunai jáde pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, ó ń tijú. Bàbá Ilé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin náà, ó di ìjánu mú, ó sì ní kó gùn.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, n kò rí i kó di ìjánu mú fún ẹnikẹ́ni rí.